Ẹni Tó Yàwòrán Ọkọ̀ Ni Í Kọ́kọ́ Wọ̀ Ọ́

Mo rántí ìgbà tí ìyá mi kì í rí ata lọ̀ nílé wa ní Gbégamey ní Kùtọ̀nú, nítorí pé ọmọ ọlọ rẹ̀ wà lórí tábìlì bàbá mi. Bàbá mi ló máa ń yàwòrán ọkọ̀ onígbòkun fún àwọn apẹja orí ọ̀sà Nòkúé, kì í sì í fi ẹ̀rọ yà á. Yóò tẹ́ bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, yóò mú ọparun tí ó ti là tẹ́ẹ́rẹ́, yóò tẹ̀ ẹ́ kí ó rí bí ikùn ọkọ̀ ṣe yẹ kí ó rí, yóò wá fi ohun wíwúwo dì í mọ́lẹ̀: ọmọ ọlọ, áyọ́ọ̀nù eléèédú, àgádágodo ilẹ̀kùn. Bí ó bá ti ń fa kíréyọ́ọ̀nù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọparun yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn kọjá nínú yàrá. Àwọn ẹbí wa ní Pobè kì í yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní ọ̀sà wo ló wà ní Pobè tí ọmọ àwọn fi di ọlọ́kọ̀ ní Kùtọ̀nú. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá òun tó jẹ́ Ẹ̀gùn lòun ti kọ́ ọ, òun kò jí i.

Ọ̀gá náà fi àṣà kan lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá yàwòrán ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e sómi. Lẹ́yìn tó bá ti jókòó ni apẹja tó ni ín yóò tó wọ inú rẹ̀ láti ta ìgbòkun. Láti kékeré ni mo ti mọ àṣà yìí, ṣùgbọ́n n kò kà á sí nǹkan kan, torí ọ̀rọ̀ bàbá mi ni, kì í ṣe tèmi. Akọ̀wé ni mí ní búrò kan lẹ́bàá pọ́ọ̀tù. Bàtà mi ń dún kò-kò-kò, mo máa ń yẹra fún àbàtà, n kò sì mọ omi í wẹ̀.

Nígbà tó yá, ọwọ́ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ ní òtútù ni, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn gan-gan níta. Apẹja kan wá bẹ̀ ẹ́ pé kó ya ọkọ̀ tí òun àti ìyàwó òun yóò máa fi kó ẹja lọ sọ́jà. Bàbá gbìyànjú, ìlà rẹ̀ ń wọ́ kiri lórí bébà. Ó pè mí.

“Jókòó síbí,” ó ní. “Ojú mi ṣì ń ríran, ọwọ́ ni mò ń wá.”

Ìyá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, “Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ẹ ṣe é kíá, kí n rí ata lọ̀.”

Inú mi dùn, ká má purọ́. Ní búrò, gbogbo wọn ló ń yin ìkọ̀wé mi, mo sì rò pé ìlà kò ju ìlà lọ. Àfìgbà tí mo dé ibi imú ọkọ̀, tí ọparun ń fẹ́ ta kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Mo fa ìlà, mo pa á rẹ́, mo tún un fà, títí bébà fi fẹ́ lu níbẹ̀. Bàbá sọ fún mi nígbà náà pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo la máa ń yà, pé káfíńtà yóò gé ẹ̀gbẹ́ kejì bá a dọ́gba. Ó túmọ̀ sí pé bí mo bá ṣì í lápá kan, mo ti ṣì í lápá méjèèjì nìyẹn. Mo bi í bóyá ìlà náà dára. Ó ní, “Ìwọ lo fà á. Ṣé ó tẹ́ ojú ẹ lọ́rùn?” Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n máa wò ó títí n ó fi mọ̀.

Mo wò ó títí, mo fọwọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó jẹ́ káfíńtà sì gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Godomey. Nígbà tí mo lọ wò ó níbẹ̀, ó ti yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní títóbi ọkọ̀ gan-an. Ìlà tí kò ju irun orí lọ lọ́wọ́ mi ti gùn ju èmi fúnra mi lọ. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu mi mọ́. Mò ń ronú apẹja yẹn àti ìyàwó rẹ̀ láàárín ọ̀sà, mò ń ronú imú ọkọ̀ tí mo pa rẹ́ tí mo tún fà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ọkọ̀ náà sómi, fọ́tò ni mo wá yà ní tèmi. Bàbá wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Bọ́ bàtà ẹ.”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ya ọkọ̀.”

“Ọwọ́ ta ló fà á?”

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ó yíjú sí ọ̀dọ̀ àwọn pákó rẹ̀. Apẹja náà ń dúró, ìyàwó rẹ̀ ń wò mí. Bí mo bá kọ̀, àwọn náà kò ní wọ̀ ọ́. Mo bọ́ bàtà, mo wọ inú ọkọ̀, mo jókòó, apẹja náà sì wọlé tẹ̀lé mi.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ kún ìgbòkun, ọkọ̀ náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo rí omi tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín pákó, ọkàn mi sì sọ fún mi pé ibi tí mo pa rẹ́ ni. Mo fi í han apẹja náà.

Ó pè mí ní dáàdá, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lórí ọ̀sà, ó ní, “Igi tuntun ń mumi ni, dáàdá. Bó bá yó, á pa ẹnu dé.”

Ọkọ̀ náà nàró padà, ó la omi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì gbé wa padà sí èbúté. Bí mo ti sọ̀ kalẹ̀ ni mo jókòó sórí iyanrìn, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Bàbá mi jókòó tì mí. Mo bi í bóyá ẹ̀rù ti bà á rí.

“Gbogbo ìgbà,” ó ní. “Èyí tí ẹ̀rù ẹ̀ ò bá bà mí, mo máa ń ní kí wọ́n dúró, kí n lọ tún àwòrán ẹ̀ wò.”

Bàbá mi ti lọ báyìí. Mo ṣì ń lọ sí búrò, àwọn apẹja sì ń wá bá mi nílé ní ọjọ́ Sátidé fún àwòrán ọkọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti pè pé ọkọ̀ ti ṣe tán, ẹ̀rù á bà mí, oorun á dá lójú mi. Ìyá mi ní kí n gbàdúrà kí Ọlọ́run mú ẹ̀rù náà kúrò. Mo máa ń gbàdúrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kì í bẹ̀ Ẹ́ nítorí ìyẹn. Ọjọ́ tí mo bá wọ ọkọ̀ tuntun tí àyà mi kò já, n ó ní kí àwọn apẹja lọ wá ẹlòmíràn tí yóò máa yàwòrán fún wọn.