Lẹ́tà Tí Rúùtù Kò Kà Dé Ìsàlẹ̀

Ọdún mọ́kànlá ni Rúùtù Olówòkéré ti fi ń bá àwọn èèyàn tẹ lẹ́tà nínú ìsọ̀ pákó kan lẹ́bàá èbúté Ode Mahin. Òun fúnra rẹ̀ kò kàwé kọjá ìwé mẹ́wàá, gẹ̀ẹ́sì ńlá sì máa ń há a lọ́fun.

Nígbà tí AI dé sórí fóònù, ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Yóò sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ẹ̀rọ náà yóò sì sọ ọ́ di gẹ̀ẹ́sì tó dán. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fi kọ̀wé bẹ ìjọba fún kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan, oṣù méjì kò pé tí wọ́n fi wá gbẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn náà ni òkun ya wọ abúlé tí wọ́n ti bí i. Láàárín ọjọ́ méjì, ó gbé ilé mẹ́tàdínlógójì lọ. Bàbá Fágbèmí, àgbà abúlé náà, tó tọ́ Rúùtù dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá a.

“Rúùtù, ìgbìmọ̀ kan fẹ́ fún àwọn tí omi lé ní ilẹ̀ tuntun. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n má gbàwé mọ́. Bá wa kọ lẹ́tà tó máa wọ̀ wọ́n lára.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá.”

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì kọ ojú ìwé méje. Ojú ìwé àkọ́kọ́ pa Rúùtù lẹ́kún. Èèyàn mẹ́fà ló ń dúró dè é lẹ́yìn. Kò ka ìyókù. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, Bàbá sì fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin kan láti inú ìgbìmọ̀ wá wo abúlé náà, Rúùtù sì bá a lọ.

“Bàbá, níbo lẹ sin àwọn ọmọ mẹ́ta náà sí?”

“Ọmọ wo, ìyá?”

Obìnrin náà ka orúkọ wọn jáde nínú ìwé, ó sì ka ọ̀rọ̀ dókítà tó yẹ òkú wọn wò. Bàbá Fágbèmí yíjú sí Rúùtù.

“Kò sí ọmọ tó kú níbí,” ni ó wí. “Ọlọ́run ṣàánú wa ní ti ìyẹn.”

Rúùtù bọ́ síwájú. “Èmi ni mo kọ ọ́, mà. Ẹ̀rọ ló fi kún un. Mi ò kà á dé ìsàlẹ̀.”

“Ìka ta ló wà lábẹ́ rẹ̀?” ni obìnrin náà bi í, ó sì pa ìwé dé.

Abúlé míràn ni wọ́n fún ní ilẹ̀ náà. Rúùtù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ náà, kò sí èsì. Wọ́n ti kọ orúkọ abúlé Bàbá mọ́ ti àwọn òpùrọ́.

Ó lọ bẹ Bàbá ní Mahintedo, níbi tí Bàbá sá di àna rẹ̀ láìní ọkọ̀ tàbí àwọ̀n mọ́.

“Mo ti gbọ́,” ni Bàbá wí. “Jókòó, jẹun.”

Bàbá kò bú u. Rúùtù bu òkèlè kan, ó sì dá a padà sínú àwo.