Bí A Ṣe Wá Rédíétọ̀ Ọkọ̀ Òfuurufú Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a fi kúrò nílé wa ní Ìgbògbò. Ẹ̀yin ará ilé ní Ìwó tí ẹ ń béèrè bóyá lóòótọ́ ni ọkọ mi ń kan ọkọ̀ òfuurufú sẹ́yìnkùlé, òótọ́ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù ló gbé sí i nímú, gbogbo ìgbà tó bá sì tan án ni omi rẹ̀ ń hó. Rédíétọ̀ mẹ́ta ló ti rà láti fi mú un tutù, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Mo wá sọ fún un pé ìkẹrin ni ìkẹyìn: bí omi bá tún hó, kó tú ọkọ̀ náà palẹ̀, kó padà sídìí iṣẹ́ wẹ́dà rẹ̀. Ó gbà. Mo bá a lọ kó má baà ra méjì.

Kẹ̀kẹ́ gbé wa dé gáréèjì Ìkòròdú, a wọ bọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́. Ọ̀nà náà dára títí ó fi bàjẹ́. Ní tiwa ní Ìwó, èrò ọkọ̀ a máa kí ara wọn kí wọ́n tó jókòó; níbí, ìgbà tí ọkọ̀ bá dá dúró sójú ọ̀nà là ń mọ ara wa. A ò sì pẹ́ mọ ara wa, torí a ò tíì dé Ìtoìkín tí èéfín fi ń yọ níwájú ọkọ̀.

"Ẹ má bínú o," awakọ̀ wí. "Ó yà mí lẹ́nu. Rédíétọ̀ tírélà ni mo fi sí i lóṣù tó kọjá!"

Ọkọ mi mi orí. "Bóyá ó ṣì kéré."

Oòrùn ti mú, inú ti ń bí mi. Mo lọ síwájú ọkọ̀. Bánà ńlá kan ni wọ́n so bo gbogbo imú rẹ̀: wọ́n ń kí alága páàkì wọn kú ọjọ́ ìbí, àwòrán alága sì ń rẹ́rìn-ín sí wa lára aṣọ náà.

"Bùrọ̀dá," mo ní, "ẹ fi aṣọ dí ẹni nímú, ẹ wá ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró fún un?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ o! Bí mo bá tú Chairman, àwọn boys ò ní jẹ́ kí n load mọ́."

"Ẹ gbé e sórí òrùlé nígbà náà. Kó máa rẹ́rìn-ín níbẹ̀."

Wọ́n gbé e sókè, wọ́n bu omi sí i, ọkọ̀ ò sì gbóná mọ́ títí a fi dé Ẹ̀pẹ́. Gbogbo èrò ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, àyàfi ọkọ mi tó ń wo imú ọkọ̀ náà. Mo rò pé ojú ń tì í ni.

Ní Ẹ̀pẹ́, a kọ́kọ́ jẹ ìkọ́kọrẹ́, ìyẹn ewùrà tí wọ́n rin tí wọ́n sì sè pọ̀ mọ́ ẹja. Lójú àwa ará Ìwó, àsáró tó ti sú ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo gbà kún un. Lẹ́yìn náà la dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta rédíétọ̀. Èyí tó fà sílẹ̀ fún wa fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ọkùnrin méjì ló gbé e. Ọkọ mi yí i ká, ó ní, "Ẹ ní páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́?"

"Páànù kẹ̀? Daddy, radiator lẹ ní ẹ ń wá."

"Ó wà nílé. Afẹ́fẹ́ ni mi ò fún un."

Páànù nìkan la rà. Nígbà tí a ń padà bọ̀ ló ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, torí kò sí ohun tó fipá mú un wọ inú rẹ̀. Àpótí ló máa fi páànù ṣe yí i ká, tí ẹnu rẹ̀ yóò kéré, tí afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà mìíràn gbà. "Ìyá Dámi, ìwọ lo sọ ọ́," ó ní. Orí mi wú títí a fi délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó so ọkọ̀ náà mọ́ igi máńgòrò, ó tan án. Rédíétọ̀ àkọ́kọ́, tó kéré jù, ló fi sínú àpótí tó kàn lóru. Ẹ́ńjìnnì ké títí àwọn aládùúgbò fi jáde. Omi kò hó. Ọkọ mi pa á, ó nu ọwọ́.

"Kò sí ohun tó kù mọ́," ó ní.

"Ohun tó kù fún kí ni?"

"Kí n gùn ún."

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rín ni mo ń fi nǹkan yìí rín, torí mo mọ̀ pé kò ní kúrò nílẹ̀. Ohun tí ìrìn àjò Ẹ̀pẹ́ kọ́ mi ni pé omi tó ń hó yẹn ló ń bá mi ṣọ́ ọkọ mi, ẹnu ara mi ni mo sì fi lé e lọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ti lọ sí Ìjẹ̀dẹ́ lọ wá pápá tó tẹ́jú. Ẹ̀rù ń bà mí.