Ẹ̀rọ Wà Nílé Wa, Kásẹ́ẹ̀tì Wà Nílé Ràsákì

Ìró ìbọn ló jí mi lójú oorun ọ̀sán lọ́jọ́ náà, nílé ọmọ mi ní Maryland. Kì í ṣe ìbọn gidi, ẹ má fòyà. Ìbọn inú géèmù ni, pẹ́ú, pẹ́ú, láti yàrá Tómiwá, ọmọ ọmọ mi. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ ọ, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí eegun mi mọ ìró yẹn tipẹ́tipẹ́. Lójijì ó dákẹ́. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ẹkún.

Mo bá a níbi tó ti ń fún ẹ̀rọ géèmù ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn tí kò lómi.

"Wọ́n ti mú un lọ, Bàbá. Géèmù mi. Wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́."

"Ta ló mú un? Àwọn tó wá tún páìpù ṣe láàárọ̀?"

"Rárá o. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti pa á."

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ni ín ni? Ṣebí bàbá rẹ rà á fún ọ."

"Dádì mi rà á. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ló ni ín."

Mo gba ẹ̀rọ náà, mo yí i sókè sódò, mo ń wá ihò tí nǹkan lè gbà jáde. N kò rí ihò kankan. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mo sì ka ìkẹfà lẹ́ẹ̀mejì kó lè wọ̀ mí lára dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí mo kà ti tó láti mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá jí gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà tàbí ojú fèrèsé kọjá. Àyà mi já. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Èmi fúnra mi ti jí géèmù rí.

Àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba lé àwọn alágbádá lọ́wọ́ nígbà náà, ilé-ìwé ti di ọ̀fẹ́ l'Ékòó, gbogbo ẹnu ló kún fún ìlérí. Agége là ń gbé, nínú ilé gbọọrọ kan tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí kò jìnnà sí ojú irin. Bí rélùwéè bá ń kọjá, abọ́ á máa jó lórí pẹpẹ. Bàbá arúgbó kan wà nílé wa tí eyín rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù jẹ́ pé rélùwéè ló mì ín títí ó fi jábọ́ sínú ẹ̀kọ. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ó ṣeni láàánú pé gbogbo àwọn tó rí i ló ti kú tán.

Bàámi, ará Èkìtì, àti Bàbá Ràsákì, ará abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, jọ ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aláṣọ kan ní Òrégùn. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ọ́fíìsì ní ìṣẹ́jú méjì, ń padà sílùú rẹ̀. Ó pe àwọn méjèèjì, ó gbé páálí kan fún wọn, ó ní géèmù tó ti sú àwọn ọmọ òun ló wà nínú rẹ̀. Ní tiwa, ẹbùn tí wọ́n bá fún ẹni méjì, wọn kì í gbé e délé kí wọ́n tó pín in, kí ìjà má baà bá a wọlé. Ẹnu géètì ni wọ́n ti tú páálí. Nǹkan ńlá dúdú kan wà níbẹ̀ tó ní ọ̀pá méjì tí wọ́n ń dì mú. Nǹkan kékeré kan sì wà, tó tó ìwé àdúrà, nínú páálí tirẹ̀ tí wọ́n ya ọkọ̀ ogun sí lára. Bàbá Ràsákì ló dàgbà jù, òun ló kọ́kọ́ mú. Ó mú kékeré. Iṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ ti kọ́ ọ pé nǹkan tín-ń-tín inú ẹ̀rọ ló máa ń wọ́n, pé irin tí kò ju ìka ọwọ́ lọ lè dá odindi ilé-iṣẹ́ dúró. Bàámi gbé ńlá, ó ń rẹ́rìn-ín sínú pé òun ti rẹ́ ẹ jẹ.

Nílé, bàámi so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa. Òjò funfun ló ń rọ̀ lójú rẹ̀, ṣàààà, títí a fi sùn. Ní ojúlé kẹta sí wa, Bàbá Ràsákì fi kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sétí, ó gbọ̀n ọ́n, ó wá ń gbìyànjú láti kì í bọ inú rédíò. Ọjọ́ mẹ́ta làwọn bàbá méjèèjì kò fi kí ara wọn dáadáa, oníkálukú rò pé èkejì òun ló mú èyí tó dára, tí èyí tó ti bàjẹ́ kù sí òun lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ń ṣe iná nílé-iṣẹ́ wọn ló là wọ́n lọ́yẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, nǹkan kan ṣoṣo lẹ pín sí méjì. Bí wọ́n bá fún yín ní kẹ̀kẹ́, ṣé ẹnìkan á gba táyà lọ ni?"

Òyìnbó ti wọ bàálù lọ. Wọn kò sì lè tún un pín, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ dá a lábàá yóò dà bí olójúkòkòrò. Báyìí ni ẹ̀rọ ṣe di tiwa, tí kásẹ́ẹ̀tì sì di ti Ràsákì.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ràsákì, bíi tèmi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ní sùúrù tó ń bí mi nínú. Etí gèlè ìyá rẹ̀ ló máa ń fi wé kásẹ́ẹ̀tì náà, á gbé e mọ́ àyà bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun lọ gba abẹ́rẹ́. Á tì í bọ ẹ̀rọ, kà! Ọkọ̀ ogun méjì á yọ, tirẹ̀ dúdú, tèmi funfun, a ó máa yìnbọn lu ara wa láàárín ògiri. Bí eré bá parí, á yọ ọ́, á wé e, á gbé e lọ. Kò sùn nílé wa rí.

Mo wá di ẹni tó ń gbé nínú ìbẹ̀rù. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá dé, Ràsákì á lọ sí ilé kéwú. Bó bá di Sọ́ńdè, wọ́n á fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí iná bá lọ ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí màámi àti Ìyá Ràsákì bá ṣe gbólóhùn asọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, kásẹ́ẹ̀tì kò ní wá fún ọjọ́ márùn-ún. Mo sọ ara mi di onílàjà àdúgbò. Kí àwọn ìyá méjèèjì tó gbé ohùn sókè, mo ti dọ̀bálẹ̀ láàárín korobá. Wọ́n ní ọmọ yìí á di pásítọ̀. Wọn kò mọ ohun tí mo ń ṣọ́.

Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, òwú kò wọlé láti òkè òkun mọ́. Ní Òrégùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n lọ sinmi nílé ná. Bí bàámi bá ti wọlé ní ìrọ̀lẹ́, màámi á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kó tó kí i. Orúkọ Bàbá Ràsákì ló jáde ṣáájú. Ó ní òun ń kó ìdílé òun lọ sí abúlé, ibi tí òpó iná kò tíì dé. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni lọ́rì ń bọ̀.

Ó yẹ kí n sunkún nítorí ọ̀rẹ́ mi. Kásẹ́ẹ̀tì ni mo ń rò.

Ràsákì wá ṣeré ní Sátidé fún ìgbà ìkẹyìn. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, ó fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí àga, ó jáde lọ ṣe alùwàlá. Mo gbọ́ bó ṣe ń da omi sẹ́sẹ̀. Mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ màámi la ikùn kásẹ́ẹ̀tì, mo yọ pátákó aláwọ̀ ewé tó wà nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni géèmù wà. Mo gé páálí ṣúgà sí ìwọ̀n rẹ̀, mo kì í bọ ibẹ̀, mo pa á dé. Mo fi ọ̀bẹ pamọ́ sábẹ́ àga. Ràsákì wọlé, omi ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀ tí kò tíì hù, ó wé páálí ṣúgà nínú gèlè, ó gbé e mọ́ àyà lọ.

Ní Mọ́ńdè, mo ní inú ń run mí, n kò lọ sílé-ìwé. Bí àwọn òbí mi ṣe jáde, mo ti pátákó náà bọ ẹ̀rọ. Ó ṣiṣẹ́! Mo di ọ̀pá mú, mo yìnbọn. Ọkọ̀ dúdú dúró síbi tó wà. Mo yìnbọn lù ú, ó yí po, ó tún dúró. Mo yìnbọn lù ú títí ó fi sú mi. Kò yà, kò sá, kò dá a padà. Ọ̀pá kejì nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò sì lè wò ó.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Ràsákì ni, nínú ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún.

"Mo ní kí n wá kí ẹ pé ó dàbọ̀."

Ó na páálí aláwòrán ọkọ̀ ogun sí mi.

"Mo mú kásẹ́ẹ̀tì, ìwọ mú ilé ẹ̀. A ti pín in."

Mo gba páálí. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó wò mí, ó ní, "Ó gbóná o," bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa oòrùn, ó sì lọ. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá oòrùn ló ń wí tàbí ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo gbọ́ tí lọ́rì ta jìgì, mo fò dìde. Mo fa pátákó yọ, mo bẹ́ jáde. Mo sáré débi pé òjìji mi ní kí n dúró de òun. Bàtà kan bọ́, n kò wẹ̀yìn. Lọ́rì ti jìnnà, mo ń rí orí bẹ́ẹ̀dì wọn tó ń kéré lọ. Ohun tó gbà mí ni rélùwéè ẹlẹ́rù kan tó ń gé títì kọjá, tó gùn débi pé orí rẹ̀ á ti dé Ìfọ̀ kí ìrù rẹ̀ tó kúrò l'Ágége. Lọ́rì dúró. Mo dé ẹ̀yìn rẹ̀, ahọ́n mi wà lágbọ̀n.

"Ràsákì! Ràsákì!"

Ìyá rẹ̀ yọjú láàárín ìkòkò. "Ọmọ dáadáa, ṣé a gbàgbé nǹkan ni?"

"Ẹ gbàgbé inú kásẹ́ẹ̀tì, mà."

Mo na pátákó náà sókè. Ràsákì wò ó. Ó tú gèlè, ó la kásẹ́ẹ̀tì, ó rí páálí ṣúgà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́.

"Olè."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ipò rẹ̀, ó pa á dé. Ẹ wò ó, ojúkòkòrò kò tíì tán lára mi.

"Kí lo máa fi ṣe? Iná ò sí lábúlé yín. Ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ wa."

"Tèmi ni," ló wí. Ó ju páálí ṣúgà sí mi láyà. "Gba tìẹ."

Ìyá rẹ̀ rò pé ire ni mo ṣe. Ó ń súre fún mi, pé n kò ní sìnkú ọmọ, pé ilé ayé á yẹ mí, títí lọ́rì fi gbéra. Wọ́n ti fi pankẹ́rẹ́ nà mí rí, wọ́n ti fi okùn nà mí, èyí tó dùn mí jù ni àdúrà yẹn.

Màámi fi aṣọ bo ẹ̀rọ, ó gbé fọ́tò ìgbéyàwó lé e lórí. Nígbà tí orúkọ bàámi náà jáde ní Òrégùn, a kó lọ sí ilé mìíràn, n kò mọ ẹni tó gbé ẹ̀rọ náà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Tómiwá. Ó nu imú, ó ní, "Bàbá, kí ni wọ́n wá fi ṣe níbi tí iná ò sí?" Mo ní bóyá wọ́n fi dí ihò eku ni, bóyá Ràsákì ń gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò kàn mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ tiyín, ẹ̀yin ọmọ, ni pé ẹ kò rí ẹni tẹ́ ẹ máa pè lólè. Ràsákì rí mi lójú, ó rí ọwọ́ mi tó na ohun tí mo jí, ó sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi. Ta ni Tómiwá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí? Ẹkún ọmọ tí nǹkan rẹ̀ lọ kò yí padà láti Agége dé Maryland, mo gbọ́ ọ, bákan náà ló rí. Àwọn tó mú nǹkan lọ ni kò lójú mọ́.

N kò rí Ràsákì mọ́ láti ọjọ́ náà. N kò mọ̀ bó wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí lónìí pé ta ló ni géèmù yẹn, n kò ní ronú. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi.