Ẹnu Tó Ń Dáhùn Ohun Tí Etí Ò Gbọ́

Láàárọ̀ àná, ọmọ ọmọ mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìkẹ́nnẹ́, ó gbé fóònù síwájú, ó ń kọ́ èdè Faransé. Olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, ọmọ yìí kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi Faransé dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" pé, "Wí, wí." Mo bi í pé kí ni wọ́n sọ. "Màmá, n ò mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní mò ń gbìyànjú gan-an." Inú bí mi.

Èmi náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún tí àwọn ológun ń múra àtigbéjọba fún alágbádá, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, ìyá mi sì ń di obì gbànja ránṣẹ́ sí Kánò láti Sábó, Ṣàgámù. Abẹ́ páànù la ti ń bó o, tí a ń ṣà á, tí a ń fi ewé tẹ́ agbọ̀n. Ọdún àkọ́kọ́, Háúsá ń wọ̀ mí lórí wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó dúró gbagidi. Ọdún méjì gbáko, ojú kan náà ni mo wà. Bí àwọn Háúsá tó ń ṣa obì pẹ̀lú wa bá ti ń sọ̀rọ̀ kíákíá, mo máa ń ní, "Tò, tò," bí ẹni tó ń sọ pé ó dáa. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, màá bá wọn rín in. Ìyá mi á gbáyà síta: "Ọma mi gbọ́ Háúsá!" Gbogbo Sábó ń yìn mí, ẹ̀yin ọmọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí pé kí ni mo gbọ́.

Ìyá àgbà Háúsá kan, Káká, ń ṣa obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó má fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan tí ìyá mi lọ ra obì ní Ìsarà, Káká kiwọ́ bọ agbọ̀n wa, ó fajú ro, ó sọ̀rọ̀ gígùn kan fún mi. Mo ní, "Tò, Káká." Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn alábàárù kó agbọ̀n mọ́kànlá sínú lọ́rí.

Gbogbo rẹ̀ ló jẹrà kó tó dé Kánò. Ìyá mi ṣépè fún awakọ̀ pé ó pẹ́ lọ́nà. Káká wá fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀: "Mo ní kí o sọ fún àwọn alábàárù pé obì yẹn ò tíì gbẹ, kí wọ́n tú u sílẹ̀ di ọ̀la. O ò sọ?"

Láti ọjọ́ náà ló ti gba "tò" lẹ́nu mi. Bó bá sọ̀rọ̀, n ò gbọdọ̀ mú obì mìíràn àfi tí mo bá fi Háúsá sọ ohun tó wí padà fún un. Mo sunkún, mo ní ó ń fìyà jẹ mí. Kí àsìkò obì náà tó parí, mo ti ń gbọ́ àwàdà wọn.

Sábó ṣì wà, Káká ti lọ. Títí ìyá mi fi kú ló ń ṣépè fún awakọ̀ yẹn, tó sì ń fi mí yangàn. N ò láyà láti sọ fún un. Èmi fúnra mi ni inú ń bí mi sí títí dòní.

Mo ní kí ọmọ ọmọ mi pe olùkọ́ rẹ̀ padà, kí wọ́n tún un sọ, kí òun náà sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn. Ó fajú ro, ó ní mò ń fìyà jẹ òun. Mo fa àga mi sún mọ́ ọn, mo jókòó.