Áfáà, Kí Ló

Ẹ má bi mí bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí èmi gan-an ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ mi, alágbàfọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Áfáà nítorí irùngbọ̀n rẹ̀, gbé rédíò kan wálé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù. Rédíò tí kì í kọrin, tí kì í ka ìròyìn. Sikánà ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa gbé ohùn àwọn awakọ̀ bàálù àti àwọn tó ń darí wọn ní pápákọ̀ òfurufú sí wa létí. Mo ní ta ló fẹ́ gbọ́ ọ? Ó ní òun.

Pápákọ̀ náà ò jìnnà sí wa. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa ni bàálù máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀, tí páànù á máa gbọ̀n, tí aṣọ orí okùn á máa jó. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni Áfáà ti fẹ́ràn kó dúró síbẹ̀ kó máa wò wọ́n. Á ní eléyìí ni onírù pupa, ti àná ni onírù aláwọ̀ ewé, bí ẹni ń ka ọmọ ẹbí. Èwo wá ni ti kéèyàn ra ẹ̀rọ tí á fi máa gbọ́ ohun tó ń fojú wò lọ́fẹ̀ẹ́? Mo bínú, mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi gbẹ. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ aṣọ, ó ń tẹ́tí.

Lákọ̀ọ́kọ́, ariwo ṣààà ni mò ń gbọ́ níbẹ̀, àti òyìnbó kíákíá tó kún fún nọ́ńbà. Òyìnbó tèmi ò sì ju èyí tí mo fi ń dá oníbàárà lóhùn lọ. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Áfáà gbé áyọ́ọ̀nù dúró, tó ní wọ́n pe òun. Mo ní ta ló pè yín? Ó na ọwọ́ sí rédíò. Mo sún mọ́ ọn láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ni mo bá gbọ́ ohùn obìnrin kan, ó mọ́ kedere:

"Áfáà, kí ló..."

Ariwo ṣààà bá bò ó.

Kí ló kí ni? Ìjà tó wọlé wa nìyẹn. Áfáà ní "kí ló ń ṣe yín" ni obìnrin náà fẹ́ sọ, ó dá òun lójú. Mo ní rárá, ẹni tó ń bi èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í kánjú tó yẹn, "kí ló dé" ni. Ó ní kí ni mo mọ̀. Tọkọtaya tó ti dàgbà ń torí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ bára wọn jà, oníbàárà dúró, ó ń wò wá. Lọ́jọ́ kejì obìnrin inú rédíò náà tún pè é. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Mo kọ́kọ́ rò pé àlè ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àmọ́ àlè wo ni yóò wà nínú afẹ́fẹ́, tí á máa wá alágbàfọ̀ tó ti hewú kiri? Orí mi dàrú pátápátá.

Ó burú débi pé Áfáà bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Á tẹ̀ mọ́ rédíò náà, á ní, "Èmi nìyí o." Rédíò tí kì í gbé ohùn tiwa lọ síbì kankan. Láàárín àkókò kan náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ṣòkòtò télọ̀ fún tíṣà, tíṣà sì wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ó ń de bọ́tìnnì tirẹ̀ lódìlódì. Ó fi áyọ́ọ̀nù jó ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, ó sì ká a bíi pé kò sí nǹkan kan. Mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo ní orí ọkọ mi ti yí. Àmọ́ bí orí tirẹ̀ bá yí, tèmi tó ń gbọ́ obìnrin yìí ńkọ́?

Àkọ́bí wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì láàárín ìlú, wá kí wa, ó sì bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń bá rédíò sọ̀rọ̀. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kò sí ohun méjì, dókítà tó ń wo ọpọlọ ló kù, pé òun á mú bàbá lọ sílé òun, kí á ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo ní kí ni bàbá rẹ yóò máa ṣe nílé rẹ? Ó ní yóò máa sinmi. Sinmi kẹ̀? Áfáà tí kò lè jókòó jẹun tán láìdìde lọ tọ́ aṣọ orí okùn wò. Bí wọ́n bá mú un kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù yẹn, òkú ni wọ́n ń gbé lọ.

"Màmá," ọmọ mi ní, "ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ ni?"

Mo ní mò ń gbọ́ ọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń rò ó bóyá yàrá kan yóò gba àwa méjèèjì.

Ọjọ́ tí ọmọ mi dá láti padà wá mú un pé. Ó ń di aṣọ bàbá rẹ̀ sínú báàgì, mo dúró tì í, mò ń jà. Mo ní bí a bá ń sunkún, ká máa ríran, bàbá rẹ ò ju òkúta, kò bọ́ra síhòòhò. Áfáà jókòó, ó kọjú sí ògiri.

Ibẹ̀ la wà tí obìnrin oníbàárà kan wọlé. Dírẹ́bà rẹ̀ ló máa ń kó aṣọ rẹ̀ wá, n kò rí òun fúnra rẹ̀ rí. Ó na ṣẹ́ẹ̀tì tó jó lọ́rùn síwájú, ó ní kí ni a rí tí a fi ṣe aṣọ òun báyìí.

Áfáà dìde dúró. "Òun nìyẹn," ló wí. "Òun ló máa ń pè mí."

Ọmọ mi mi orí, ó ń bẹ obìnrin náà kó má bínú. Àmọ́ èmi náà ti dá ohùn yẹn mọ̀. Mo bi í, mo ní níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́? Ó ní ní ilé gíga tó wà ní pápákọ̀, pé òun ló ń sọ fún bàálù ìgbà tí yóò gbéra àti ìgbà tí yóò balẹ̀. Mo nawọ́ sí rédíò, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ ń wò wá ṣáá. Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí ẹrù aṣọ ìdọ̀tí.

Ó ní lẹ́tà ni. Bàálù kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i lára, wọ́n sì fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórúkọ kí etí má baà ṣì wọ́n gbọ́. Lẹ́tà A ń jẹ́ Alfa, lẹ́tà K ń jẹ́ Kilo. Bàálù kékeré kan tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ fi ń fò lọ́sàn-án ni òun máa ń pè bẹ́ẹ̀.

"Alfa, Kilo," ló wí. "Bàbá, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ojú tì í, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Obìnrin náà ní òun ti dárí ṣẹ́ẹ̀tì jì wá.

Áfáà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ wá àga, ó wá a tì lẹ́ẹ̀mejì kó tó kàn án, ó wá jókòó.

"Kò wá sẹ́ni tó ń bi mí," ló wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo ń wo ọwọ́ tó fi ń wá àga. Mo rántí ṣòkòtò tíṣà, mo rántí bọ́tìnnì, mo wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó jó. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Áfáà, kí ló ń ṣe yín?"

"Ojú mi ni," ló wí. "Ó ti pẹ́. Mi ò rí ìrù bàálù kankan mọ́. Mo ní kí n kúkú máa gbọ́ wọn."

Ọmọ mi da aṣọ inú báàgì sílẹ̀, ó ń béèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú. Páànù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo di Áfáà lọ́wọ́ mú, a jáde sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n wò ó fún òun, ṣé èyí kékeré ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, funfun ni, ó ní ìlà pupa nídìí. Ó ní kí ni wọ́n kọ sí i lára.

Mi ò mọ̀wé. Mo sọ fún un pé, "Orúkọ yín ni."