Jọ́tà Tí Kò Ní Ìbéèrè Nínú

Ìsọ̀ tòmátì kan wà ní títì pa ní Mile 12 nítorí ìpànìyàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Èmi ni mo ṣe ìpànìyàn náà, lórí tábìlì ìjẹun mi ní Ìkòsí, bírò ni mo sì fi ṣe é.

Obìnrin tó ni ìsọ̀ náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Alhaja ni gbogbo ìlà onítòmátì ń pè é. Opó ni. Ìsọ̀ yẹn ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, òun náà ló sì ń bọ́ ọ báyìí. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni ìgbìmọ̀ ìlà fi àgádágodo sí i. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé ilé ẹbí ní Alápẹ̀rẹ̀, ní kó máa kó ẹrù rẹ̀. Ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n fi kàn án níbi méjèèjì: pé ó fi májèlé pa ọkọ rẹ̀. Ìwé mi ni ẹ̀rí tí wọ́n ní.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi ń jẹun láti ìgbà èwe mi. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo ń kọ láti fi tẹ́ ara mi lọ́rùn. Bí mo ṣe ń dá èèyàn inú ìwé kò le: ẹnu ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń mú ọ̀rọ̀ kan tí ẹlẹ́rìí sọ tí n kò lè gbàgbé, màá wá bi ara mi pé irú èèyàn wo ló tún lè sọ ọ́, níbòmíràn, lórí ọ̀ràn tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ẹnu ni ọwọ́: kí ni ó máa ń ṣe tí ẹlòmíràn kì í ṣe? Lẹ́yìn ọwọ́ ni ẹ̀rù: kí ni kò fẹ́ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́? Mo lè mú ẹnu lára ọ̀kan, kí n mú ọwọ́ lára òmíràn. Ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ni mo máa ń fi ọwọ́ ara mi dá. Mo ti sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lórí ìwé yìí, mo ya ọ̀lẹ. Ẹnu àti ọwọ́, ara ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti mú wọn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iná jó ìlà wọn, mo sì lọ gbọ́ tẹnu wọn lọ́jọ́ kejì. Àwọn yòókù ń sunkún. Alhaja jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ kan tó ṣẹ́kù, ó ń so òwú búlúù mọ́ etí òmíràn, kókó mẹ́ta mẹ́ta, kí àwọn alábàárù lè dá tirẹ̀ mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń já ẹrù tírélà. Mo bi í pé kí ló ṣe nígbà tó délé lọ́jọ́ iná náà. Ó ní, "Mo wẹ̀, mo jẹun, mo sùn. Ara mi fúyẹ́." Jẹnẹrétọ̀ kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ wọn tí Alhaja ti ń bẹ̀rù tipẹ́ pé yóò gbiná. Ohun tó ń bẹ̀rù ti dé, ó ti lọ, kò sì mú ẹnikẹ́ni lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn wù mí débi pé n kò fi í sínú ìròyìn. Mo fi í pa mọ́ fún ara mi.

Nínú ìwé mi, obìnrin kan ń so òwú búlúù mọ́ apẹ̀rẹ̀, kókó mẹ́ta. Ọkọ rẹ̀ jẹ ọbẹ̀ rẹ̀, ó sùn, kò jí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi obìnrin náà pé kí ló ṣe lẹ́yìn ìsìnkú, ó sì dáhùn pé òun wẹ̀, òun jẹun, òun sùn, ara òun fúyẹ́. Ohun tí mo fẹ́ tú wò ni pé ìbànújẹ́ nìkan kọ́ ni ikú máa ń fi sílẹ̀ nínú ilé.

N kò mọ̀ pé, kí iná tó jó, ọkọ Alhaja náà jẹun alẹ́, ó sùn, kò jí. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Gbogbo ìlà ló mọ̀. Iná ni mo bá wá, n kò bèèrè ọkọ.

Obìnrin oní-POS tó wà lẹ́nu ìlà náà ló ra ìwé ọ̀hún. Tí ọjà bá ti rọlẹ̀ lọ́sàn-án, á máa kà á sókè fún àwọn onítòmátì. Mo lọ bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀.

"Uncle, ibi òwú búlúù ni wọ́n ti kọ́kọ́ wo ojú ara wọn," ó ní. "Alhaja gan-an ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Mo ti wọ inú ìwé, ẹ máa bọ̀wọ̀ fún mi o.' Mo wá ka ibi tí ọkọ ti kú. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí mo dé 'ara mi fúyẹ́', ìyá kan dìde, ó gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn."

"Kí ló dé tí o ò dáwọ́ dúró?"

"Alhaja fúnra wọn ló ní kí n máa kà á lọ."

Mo lọ bá alága ìlà, bàbá arúgbó kan tó ń bó ọsàn nígbà tí mo wọlé. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ jókòó yí i ká.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, irọ́ ni ìwé yẹn. Èmi ni mo rò ó."

"Irọ́?" Kò gbójú kúrò lára ọsàn. "Nígbà tí iná jó, àwọn kan kọ ọ́ pé gbogbo ọjà ló jó. Ìwọ nìkan lo kọ ọ́ bó ṣe rí. A mọ̀ ọ́, o kì í parọ́. Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

"Ìwé àròsọ yàtọ̀ sí ìròyìn, sà."

"Òwú búlúù, ṣé àròsọ ni?"

"Rárá, sà."

"Kókó mẹ́ta ńkọ́?"

"Rárá, sà."

"Ọ̀rọ̀ tó sọ?"

"Òun ló sọ ọ́, sà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná la jọ ń sọ."

"Ó dáa. Mú ẹ̀rí wá."

Mo tú gbogbo páálí ìwé tó wà lábẹ́ ibùsùn mi. Eku ti jẹ òmíràn. Lọ́jọ́ kejì ni mo rí jọ́tà ìròyìn iná náà. Ọ̀rọ̀ Alhaja wà níbẹ̀, láàárín àmì àyọlò: *Mo wẹ̀, mo jẹun, mo sùn. Ara mi fúyẹ́.* Ó tán. Kò sí iná lókè rẹ̀, kò sí iná nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìdáhùn ẹlẹ́rìí ni mo máa ń kọ, n kì í fi yíǹkì ṣòfò lórí ìbéèrè ara mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìwé ìròyìn ni ì bá gbà wá, àmọ́ èmi ni mo yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò níbẹ̀.

Mo gbé jọ́tà náà lọ sí Alápẹ̀rẹ̀. Ẹrù Alhaja ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ dì í. Ó ní kí n ka tòun sí òun létí. Mo kà á.

"Kí lo bi mí ṣáájú ìyẹn?"

"Mo bi yín nípa iná, Ìyá."

"Ibo lo kọ ọ́ sí?"

Àyè díẹ̀ wà lókè ọ̀rọ̀ náà. Mo ti yọ bírò jáde kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá rí yíǹkì tuntun, ẹ̀wọ̀n ni mò ń lọ." Ó jẹ́ kí ọwọ́ mi lọ. "Oníròyìn, o kọ tèmi, o ò kọ tìẹ."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní: "Ọkọ mi máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé bá mi, nínú ilé ara rẹ̀. Ìyẹn ló yẹ kí o bèèrè."

Mo kó jọ́tà náà fún ìgbìmọ̀ bó ṣe wà. Bàbá alága kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tì í mọ́ inú àpótí tábìlì rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì, gbogbo ìlà yóò jókòó, wọn yóò sì ránṣẹ́ pe àbúrò ọkọ náà. Èmi ni màá ka ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí mo bá ti mú nǹkan lára Alhaja, màá dúró, màá sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò bi àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wá gbọ́ tẹnu wọn bóyá ẹnì kankan gbọ́ ìbéèrè tí mo bi í. Tí ẹnì kan bá gbọ́ ọ, wọn yóò ṣí ìsọ̀. Tí kò bá sí, ọ̀rọ̀ náà di ti ọlọ́pàá. Ó ní ti ilé Alápẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà, ẹbí ló ni í. Títí dọjọ́bọ̀, apẹ̀rẹ̀ tó bá dé pẹ̀lú òwú búlúù, àwọn alábàárù kò ní já a.