Adágbé àti Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ẹni tó bá ní òun mọ Adágbé gbẹ́nàgbẹ́nà, tí kò mọ ìtàn kọ́bọ́ọ̀dù tíṣà, irọ́ ló ń pa. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ onílẹ̀kùn mẹ́ta ni, igi líle, ó sì ti gbé e dé iwájú ilé tíṣà tó ni ín. Àwọn ọkùnrin méjì jáde láti ilé kejì pé àwọn á bá a gbé e wọ yàrá. Ó ní kí wọ́n lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ó tẹ̀ ba, ó séèémí, ó gbé e. Ó gbé e dé yàrá lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ dún kẹ́, tí kò sì lè nàró mọ́. Ó ká kò bí ìwọ̀ ẹja.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan o?" ni tíṣà bi í.

"Kò sí nǹkan kan," ni Adágbé dá bàtà tíṣà lóhùn. "Ilẹ̀ yàrá yín ni mò ń wò. Kò tẹ́jú."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú, ni tíṣà bá lọ pe bíríkìlà. Nígbà tí bíríkìlà dé, Adágbé ṣì ń wo ilẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ló lọ mú un wálé. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí látọjọ́ tó ti fẹ́ ọkùnrin yìí, ọkọ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé ẹrù rí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fún un lórúkọ Adágbé. Àmọ́ nígbà tó di pé òun ló ń kúnlẹ̀ wọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì ń wo ògiri, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fà á lé obìnrin kan tó ń tọ́jú iṣan àti eegun lọ́wọ́. Dókítà Ẹ̀yìn ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

"Bàbá, iṣan ikùn àti ti ìbàdí ló ń di ẹ̀yìn mú. Tiyín ti sùn lọ. Díẹ̀díẹ̀ la máa fi jí wọn. Tẹ́ ẹ bá tún dá gbé irú ẹrù yẹn, mi ò lè ṣèlérí pé ẹ máa rìn láìlo ọ̀pá."

"Ikùn mi ò sùn rí," ni Adágbé wí. "Ẹ bi ìyàwó mi, gbogbo ìgbà ló ń béèrè oúnjẹ."

Dókítà ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, kó ká orúnkún, kó rọra mí jáde, kó fa ìdodo wọlé, kó wá gbé ìdí sókè díẹ̀. Adágbé séèémí. Ojú rẹ̀ yọ síta bí ojú ẹni tó gbé eegun mì.

"Ẹ mí, Bàbá."

"Ta ló ń mí nídìí iṣẹ́?"

"Ó dáa, ẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ò lè séèémí."

Ìyàwó nawọ́ láti dá dókítà lẹ́kun, àmọ́ ẹyin ọ̀rọ̀ ti bọ́. Adágbé bẹ̀rẹ̀ ìtàn bẹ́ẹ̀dì tó kàn fún ọkọ ìyàwó gíga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gba inú yàrá. Àwọn aláìsàn tó kù ń wọ́ ẹní wọn sún mọ́ ọn. Ọkùnrin kan tó ń tọ̀pá bọ̀ gbàgbé ọ̀pá rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ sọ̀dí kalẹ̀ kẹ́ ẹ sinmi."

"Ẹ jẹ́ kí n kan ìṣó tó kù ná."

Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú, ó rí àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń dùbúlẹ̀, tí wọ́n ń ta dìde wìtìwìtì. Ó ní bí díẹ̀ bá ṣeni lóore, púpọ̀ á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló bá dán an wò nílé. Ìyàwó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá a ní gbalaja láàárín pálọ̀.

"Kí lẹ ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń ronú."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀."

Kò fà á lápá. Ó bá a ká orúnkún, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, bí dókítà ṣe kọ́ wọn. Nígbà tí dókítà gbọ́, ó mi orí. "Irú dìde-dùbúlẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀yìn tó ti ṣèṣe kì í fẹ́. Bó bá ti ń dùn yín, ẹ dáwọ́ dúró."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbà láti máa ṣe é pẹ̀lẹ́. Àràárọ̀ ló ń tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìyàwó rẹ̀, òun ń gbé ìdí, ó ń pìtàn, ìyàwó ń ránṣọ. Bó bá fo ibì kan nínú ìtàn rẹ̀, ìyàwó á dá a padà, láìgbójú sókè.

Ojú oorun ló kú sí, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà ṣánṣán. Bí àwọn àlejò bá wá kí ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín kọ́bọ́ọ̀dù tán, ó ní ìtàn kan tó máa ń sọ kẹ́yìn.

Òrùlé ló ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n sì fẹ́ sún un. Ìyàwó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un, bó ti máa ń ṣe. Adágbé ká orúnkún, ó mí jáde, ó fọwọ́ kan igi bẹ́ẹ̀dì. Ó wá dúró.

"Ìyá wọn," ó ní, "bá mi di ọ̀hún mú."

Wọ́n jọ gbé e, wọ́n jọ sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyàwó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi etí ìró nu ojú. Ara Adágbé ò balẹ̀ mọ́.

"Ṣé ó wúwo jù ni?"

"Kò wúwo," ni ìyàwó wí. "Kò wúwo rárá."

Àwọn àlejò á tún rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á mú abẹ́rẹ́, á máa fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́ náà, ó sì máa ń pẹ́ kó tó rí i.